Ètò olùtọ́sọ́nà fún dídín pípa ilé-ìwé jẹ kù

Ètò olùtọ́sọ́nà fún dídín pípa ilé-ìwé jẹ kù jẹ́ ètò ẹ̀kọ́ nínú èyí tí ilé-ìwé, ìjọba ìlú tàbí ẹgbẹ́ aláàánú kan máa ń yan àgbàlagbà kan fún ọmọ tí kì í wá sí kíláàsì déédéé. Iṣẹ́ ẹni náà ni láti máa mójútó wíwá ọmọ náà lójoojúmọ́, kí ó mọ ohun tó ń dí i lọ́wọ́, kí ó sì bá a àti àwọn òbí rẹ̀ wá ojútùú sí i. Àwọn ìlú ńlá ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni irú ètò yìí ti gbilẹ̀ jù. Ọ̀kan nínú èyí tó tóbi jù ni Success Mentors, tí ìlú New York dá sílẹ̀ ní ọdún 2010 nígbà tí Michael Bloomberg jẹ́ Máyọ̀ ìlú náà.

Ìwádìí láti New York, Chicago àti àwọn ìlú mìíràn fi hàn pé ètò yìí lè dá ọ̀pọ̀ ọjọ́ ẹ̀kọ́ padà fún ọmọ tó ti ń pàdánù wọn. Àmọ́ ìwádìí kan náà fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ètò olùtọ́sọ́nà ló ń ṣiṣẹ́, àti pé ìbáṣepọ̀ tó tètè tú lè pa ọmọ lára ju kí a má ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá lọ.

## Ìtumọ̀

Nínú èdè Yorùbá, a máa ń sọ pé ọmọ "pa ilé-ìwé jẹ" nígbà tí kò bá lọ láìsí ìdí tó ṣe é gbà. Ojú yìí náà ni òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi wo ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́: kìkì ọjọ́ tí ọmọ kò wá, tí òbí tàbí ilé-ìwé kò sì fọwọ́ sí, ni wọ́n ń kà sí ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ọ̀rúndún kọkànlélógún, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í lo òṣùwọ̀n mìíràn tó gbòòrò jù ú lọ, èyí tí a lè pè ní àìwá lemọ́lemọ́. Òṣùwọ̀n yìí ka gbogbo ọjọ́ tí ọmọ kò sí ní kíláàsì, yálà àìsàn ló dá a dúró sílé, yálà wọ́n lé e kúrò fún ìgbà díẹ̀, yálà òun fúnra rẹ̀ ló sá. Ọmọ tó bá pàdánù ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ẹ̀kọ́ ti wọ inú ẹgbẹ́ yìí. Ní ibi tí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti jẹ́ ọjọ́ 180, èyí jẹ́ ọjọ́ 18, tàbí ọjọ́ 2 péré lóṣù.

Ìdí tí òṣùwọ̀n tuntun yìí fi ṣe pàtàkì ni pé rẹ́jísítà lè tan ènìyàn jẹ. Ilé-ìwé tí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń wá lójoojúmọ́ lè dà bí èyí tí ohun gbogbo ń lọ déédéé nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ọmọ kan náà ni kì í wá lójoojúmọ́. Bí àlàfo náà bá ń kárí láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ, ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ti pàdánù oṣù kan gbáko kí ọdún tó parí, kí ẹnikẹ́ni má sì fura. Olùtọ́sọ́nà kò lè rí ọmọ tó yẹ kí ó ràn lọ́wọ́ àyàfi bí ilé-ìwé bá ń ka ọjọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tí ọmọ ń pàdánù ju ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà lọ. Ìwádìí tí Robert Balfanz ti Yunifásítì Johns Hopkins àti àwọn alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe ní Philadelphia, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, fi hàn pé a lè ti ojú wíwá ọmọ ní kíláàsì 6 mọ ẹni tó wà nínú ewu àìparí ilé-ìwé girama. Díẹ̀ péré nínú àwọn ọmọ tí wíwá wọn kò tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ní kíláàsì yẹn ló padà jáde ilé-ìwé girama ní àkókò.

## Ohun tó ń fa àìwá sí ilé-ìwé

Balfanz àti Vaughan Byrnes pín àwọn ọmọ tí kì í wá sí ọ̀nà mẹ́ta nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2012. Ẹgbẹ́ kìíní ni àwọn tí kò lè wá. Àìsàn bí ásímà tàbí eyín ríro lè dá wọn dúró. Ìdílé wọn lè má ní ilé tó dúró sójú kan. Wọ́n lè máa tọ́jú àbúrò tàbí kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ owó kí ilé lè jẹun. Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn tó ń sá fún ohun kan: àwọn akẹgbẹ́ tó ń fìyà jẹ wọ́n, àdúgbò eléwu tí wọ́n ní láti gbà kọjá, tàbí ìtìjú ẹ̀kọ́ tí kò yé wọn mọ́. Ẹgbẹ́ kẹta ni àwọn tí kò sí ohun tó dí wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí wọn kò rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n wá, tí kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè nígbà tí wọn kò bá wá.

Ìpín yìí ni ìpìlẹ̀ èrò tó wà lẹ́yìn ètò olùtọ́sọ́nà. Nínú rẹ́jísítà, àmì kan náà ni ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò yàtọ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ ọmọ nìkan ló lè mọ irú èyí tó jẹ́.

Àwọn òbí pàápàá kì í sábà mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó. Ìwádìí Todd Rogers ti Yunifásítì Harvard ní Philadelphia fi hàn pé àwọn òbí ọmọ tí kì í wá déédéé máa ń rò pé ọjọ́ tí ọmọ wọn pàdánù kéré sí iye tó jẹ́ gan-an, wọ́n sì máa ń rò pé àwọn ọmọ yòókù náà ń pàdánù bẹ́ẹ̀.

## Ìtàn

Ìpínlẹ̀ Massachusetts ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin tó sọ wíwá sí ilé-ìwé di dandan ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1852. Bí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ṣe ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń yan àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wá ọmọ tó bá sá kiri ìgboro, kí wọ́n sì dá a padà sí kíláàsì. Ọwọ́ líle ni wọ́n fi mú ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ líle yìí kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ California, òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2011 fi àyè sílẹ̀ láti bu owó ìtanràn tó tó 2,000 dọ́là lé òbí lórí, tàbí láti fi í sẹ́wọ̀n ọdún kan, bí ọmọ rẹ̀ bá ń pa ilé-ìwé jẹ lemọ́lemọ́. Ní Texas, wọ́n ń gbé àwọn ọmọ náà fúnra wọn lọ sí ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn títí di ọdún 2015, nígbà tí àwọn aṣòfin yí òfin náà padà.

Àtakò tí àwọn olùkọ́ àti àwọn olùwádìí gbé dìde sí ọ̀nà yìí ni pé ìjìyà kò wo ásímà sàn, kò sì fún aláìnílé ní ilé. Owó ìtanràn tún máa ń wúwo jù lórí ìdílé tí òṣì ti mú tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kejì, èyí tó fi àgbàlagbà kan ti ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, náà ti pẹ́. Ní ọdún 1904, Ernest Coulter, tó jẹ́ akọ̀wé ní ilé-ẹjọ́ àwọn ọmọdé ní New York, rọ àwọn ọkùnrin ìlú náà kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ọmọkùnrin kan tó ti wọ gàù mọ́ra bí àbúrò. Láti inú ìgbìyànjú yìí ni àjọ tí a mọ̀ lónìí sí Big Brothers Big Sisters ti wá. Ní ọdún 1990, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Minnesota, tí Sandra Christenson wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ ètò Check & Connect ní Minneapolis. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìṣòro nínú ẹ̀kọ́ tàbí ìhùwàsí. Olùtọ́sọ́nà inú ètò náà ń yẹ wíwá ọmọ, máàkì rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ wò déédéé, ó sì ń lo ohun tó bá rí láti fi bá ọmọ náà àti ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ méjèèjì yìí ni orúkọ ètò náà ń tọ́ka sí: yíyẹ̀wò àti síso pọ̀.

## Success Mentors ní ìlú New York

### Ìbẹ̀rẹ̀

Nígbà tí ìjọba ìlú New York ka ọjọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó hàn pé nǹkan bí ọmọ kan nínú márùn-ún, tí iye wọn lé ní 200,000, ń pàdánù oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún. Ní ọdún 2010, Bloomberg yan ìgbìmọ̀ kan tí Leslie Cornfeld darí. Ìgbìmọ̀ náà kó ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́, ètò ìlera, ọlọ́pàá, ilé àwọn aláìnílé àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba mìíràn pọ̀ sórí iṣẹ́ kan náà. Ilé-ìwé 25 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀; láàárín ọdún mẹ́ta, iye náà di 100, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú wọn sì lé ní 60,000.

Ìgbìmọ̀ náà gbìyànjú oríṣìíríṣìí nǹkan. Ọ̀kan nínú wọn ni ìpè orí fóònù láàárọ̀, nínú èyí tí ohùn àwọn gbajúmọ̀ bí Magic Johnson, tó ti gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá rí, ń jí àwọn ọmọ kí wọ́n lè múra ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n olùtọ́sọ́nà ni apá tó so èso jù lọ.

### Iṣẹ́ olùtọ́sọ́nà

Oríṣìí olùtọ́sọ́nà mẹ́ta ló wà. Àwọn kan wá láti ìta, bí àwọn ọ̀dọ́ tó ń sin ìlú lábẹ́ AmeriCorps àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Àwọn kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ìwé náà: olùkọ́, igbá-kejì ọ̀gá ilé-ìwé tàbí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn yòókù jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì 12 tó ń tọ́ àwọn àbúrò wọn sọ́nà. Àwọn tó wá láti ìta máa ń wà ní ilé-ìwé ó kéré tán ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, jálẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ 15 sí 20.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Láàárọ̀, olùtọ́sọ́nà ń kí ọmọ káàbọ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Bí ọmọ náà kò bá dé, ó ń pe ilé ní ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe láti bá òbí wí bí kò ṣe láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé wọ́n ṣàárò ọmọ náà. Ó máa ń jókòó ti ọmọ láti gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó ń gbóríyìn fún un bí wíwá rẹ̀ bá ti sunwọ̀n díẹ̀, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ tó bá kọjá agbára rẹ̀ tó ẹni tó lè ṣe é létí: nọ́ọ̀sì fún oògùn, ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, agbaninímọ̀ràn fún ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ń darí ìpàdé tí àwọn olùtọ́sọ́nà ń jókòó sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ àkọsílẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ń pinnu ẹni tí yóò ṣe ohun kan pàtó kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìpàdé yìí ló fún ọ̀rọ̀ olùtọ́sọ́nà lágbára. Láìsí i, yóò mọ ìṣòro ọmọ, ṣùgbọ́n kò ní ní ẹni tó lè bá a yanjú rẹ̀.

### Àbájáde

Balfanz àti Byrnes fi àwọn ilé-ìwé inú ètò náà wé àwọn ilé-ìwé tó jọ wọ́n tí kò sí nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde ní ọdún 2013. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti máa ń pa ọjọ́ jẹ lemọ́lemọ́ tẹ́lẹ̀, tó sì wá ní olùtọ́sọ́nà, jèrè nǹkan bí ọjọ́ ẹ̀kọ́ 9 lọ́dún ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní lọ. Èyí súnmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ní kíláàsì. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama, àwọn tó ní olùtọ́sọ́nà tún ṣeé ṣe ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ kí wọ́n ṣì wà ní ilé-ìwé ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Àwọn ọmọ tó ń gbé ní ilé ìgbà-díẹ̀ tí ìlú pèsè fún àwọn aláìnílé ni ìyàtọ̀ náà hàn jù lára wọn. Ní àwọn ilé-ìwé inú ètò náà, àǹfààní pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò bọ́ sínú àìwá lemọ́lemọ́ fi ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn ọmọ tó wà ní ipò kan náà níbòmíràn.

## Ìwádìí mìíràn

Ẹ̀rí tó lágbára jù ni èyí tí a rí nígbà tí a bá fi kèké pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ méjì, tí ẹgbẹ́ kan rí olùtọ́sọ́nà, tí èkejì kò sì rí. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni a sábà máa ń tọ́ka sí.

Èkíní ni ti Big Brothers Big Sisters, tí Joseph Tierney àti Jean Baldwin Grossman tẹ̀ jáde ní ọdún 1995. Ọmọ 959 láti ìlú 8, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 10 sí 16, ló kópa nínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 18, àwọn tó wà nínú ètò náà kò pa odidi ọjọ́ ilé-ìwé jẹ tó àwọn tó ń dúró de ààyè. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì jẹ́ ìdá 37 ní ti pípa kíláàsì kan ṣoṣo jẹ. A kò yan àwọn olùtọ́sọ́nà wọ̀nyí láti kọ́ni ní ìwé. Wọ́n kàn ń lo wákàtí mélòó kan pẹ̀lú ọmọ ní bí ìgbà mẹ́ta lóṣù, wọ́n ń ṣeré, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀.

Èkejì ni ìwádìí tí Ẹ̀ka Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2009 lórí àwọn ètò olùtọ́sọ́nà inú ilé-ìwé tí ìjọba ń náwó sí. Nǹkan bí akẹ́kọ̀ọ́ 2,500 ló kópa. Lápapọ̀, wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi láàárín àwọn tó ní olùtọ́sọ́nà àti àwọn tí kò ní.

Ẹ̀kẹta wáyé ní Chicago, níbi tí Jonathan Guryan àti àwọn alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ ti dán Check & Connect wò. Àwọn olùtọ́sọ́nà níbẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, wọ́n sì wà pẹ̀lú ọmọ fún ọdún méjì. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì 5 sí 7 dín ọjọ́ àìwá wọn kù ní ọjọ́ 4.2, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ìyàtọ̀ tó hàn lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì 1 sí 4. Àlàyé kan tó ṣeé ṣe ni pé òbí ló ń pinnu bóyá ọmọ kékeré yóò lọ sí ilé-ìwé, nígbà tí ọmọ tó ti ń dàgbà ń pinnu fúnra rẹ̀.

## Títàn kálẹ̀

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ìjọba Ààrẹ Barack Obama kéde ètò kan láti gbógun ti àìwá lemọ́lemọ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kejì ọdún 2016, wọ́n gbé àpẹẹrẹ New York lọ sí àwọn ìlú mìíràn lábẹ́ My Brother's Keeper. Ìlú 10 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lára wọn sì ni Boston, Philadelphia, Denver àti Seattle. Kò pẹ́ tí iye náà fi di 30. Kíláàsì 6 àti 9 ni wọ́n dojú kọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ ti ń bọ́ sí ilé-ìwé tuntun, níbi tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ fún ọdún ẹ̀kọ́ 2013 sí 2014 fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní mílíọ̀nù 6 ló pàdánù ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19 mú kí ọ̀rọ̀ náà burú sí i. Nígbà tí yóò fi di ọdún ẹ̀kọ́ 2021 sí 2022, ìdá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà tó ń pa ọjọ́ jẹ lemọ́lemọ́ ti súnmọ́ ìlọ́po méjì ohun tó jẹ́ ṣáájú àjàkálẹ̀ náà. Ní oṣù keje ọdún 2022, ìjọba Ààrẹ Joe Biden pe 250,000 àgbàlagbà láti wá ṣe olùkọ́ àfikún àti olùtọ́sọ́nà ní àwọn ilé-ìwé.

## Àríwísí àti ààlà ètò náà

Àríwísí àkọ́kọ́ jẹ mọ́ àkókò. Jean Grossman àti Jean Rhodes tún àkọsílẹ̀ ìwádìí ọdún 1995 yẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní ọdún 2002. Àwọn ọmọ tí ìbáṣepọ̀ wọn pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jèrè jù. Èrè náà ń dín kù bí àkókò ìbáṣepọ̀ ṣe ń kúrú, àwọn tí tiwọn sì tú kí oṣù mẹ́ta tó pé padà ní èrò tó burú nípa ara wọn ju ti ìṣáájú lọ. Fún ọmọ tí àwọn àgbàlagbà ti já kulẹ̀ rí, olùtọ́sọ́nà tó pòórá láìdágbére tún jẹ́ ìjákulẹ̀ mìíràn. Nítorí náà, àwọn ètò tó dára máa ń gba ìlérí ọdún kan gbáko lọ́wọ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni kí wọ́n tó fi ọmọ hàn án, wọ́n sì ń ṣètò bí yóò ṣe dágbére nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá pé.

Àríwísí kejì jẹ mọ́ owó. Ìwádìí tí Rogers àti Avi Feller tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé lẹ́tà lásán tó ń sọ fún òbí ní Philadelphia iye ọjọ́ tí ọmọ wọn ti pàdánù dín àìwá lemọ́lemọ́ kù ní nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ní owó tó kéré gan-an sí ti olùtọ́sọ́nà. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti wá ń to ìrànlọ́wọ́ ní ìpele: ìkìlọ̀ àti ìránnilétí fún gbogbo ìdílé, olùtọ́sọ́nà fún ọmọ tó bá ti ń pàdánù ìdá 10, àti òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn fún èyí tí ìṣòro rẹ̀ jinlẹ̀ jù.

Àríwísí kẹta ni pé ètò náà lè gbé ẹrù ìlú lé orí ẹnì kan. Olùtọ́sọ́nà lè mọ̀ pé ásímà ló ń dá ọmọ dúró sílé, ṣùgbọ́n kò lè wẹ ẹ̀bu kúrò lára ògiri ilé tí ọmọ náà ń gbé. Ó lè mọ̀ pé ìdílé rẹ̀ ti kó láti òpin ìlú kan dé èkejì, ṣùgbọ́n kò lè fún wọn ní ilé. Ní New York, ohun tó mú ètò náà yàtọ̀ ni pé àwọn tó lè ṣe nǹkan wọ̀nyẹn wà lórí ìgbìmọ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ tí olùtọ́sọ́nà bá gbọ́ lẹ́nu ọmọ sì ní ọ̀nà tó fi lè dé ọ̀dọ̀ wọn.